Ìbọn mẹ́ta, ọkọ̀ apẹja kan

Mo ṣí àpótí irin náà lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, kì í ṣe pé mo fẹ́ lọ sóko ọdẹ. Mo kàn fẹ́ fojú ara mi rí ohun tí mo ní kí n tó fún ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ apẹja rẹ̀ gba ìbọn mi lésì. Ìbọn mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ẹlẹ́nu méjì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, Remington 870 tí mo fowó ara mi rà nígbà tí orúnkún mi ṣì dára, àti ìbọn kékeré ọlọ́ta .22 tí mo fi kọ́ àkọ́bí mi ní ìbọn yíyìn. Nígbà tí mo gbé 870 jáde, àmì ìka ara mi ni mo rí lára rẹ̀. Mi ò ṣeré o. Ibi tí mo ti dì í mú lọ́jọ́ tí mo gbé e pamọ́, tí mi ò nù ún dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni ìpẹtà ti yọ, ìka mẹ́rin gbọọrọ, bí ẹni tẹ̀ka sórí ìwé. Iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́ èèyàn, iyọ̀ yẹn ló sì jókòó sórí irin fún ọdún mẹ́fà, tó ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Mo ní ìwé pélébé kan tí mo ń kọ ọjọ́ ìjáde mi sí, ọdẹ níwájú, ẹja lẹ́yìn. Apá ti ọdẹ parí ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ohun tí mo kọ kẹ́yìn síbẹ̀ ni: "Òjò. Orúnkún. Mo padà sílé." Ẹ̀yìn ìwé náà ló kún fọ́fọ́. Lọ́dún tó kọjá nìkan, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fi pẹja, yálà nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tàbí ní etí omi, níbi tí ìwọ̀ mi ti máa ń há sínú koríko tí màá sì máa bú ara mi.

Báyìí lọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí, tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ló pè mí. Ó ní ọkọ̀ apẹja alumíníọ̀mù, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń wọ́ ọ kiri. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún, kò lè máa ti ọkọ̀ sómi mọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé àṣẹ ìbọn, kò tíì rí ìbọn rà.

"Àbúrò, ìbọn mẹ́ta tó wà nínú àpótí rẹ yẹn, kí ni wọ́n ń bá ọ ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò bá mi ṣe nǹkan kan."

"Ó dáa náà. Ọkọ̀ tèmi náà ò bá mi ṣe nǹkan kan."

Mo sọ fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá wọn, ohun tó ń sùn lẹ fẹ́ fi gba ohun tó ń jẹun yẹn o."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Òótọ́ ló sọ. Ìbọn tí èèyàn bá fi epo nù, tó gbé síbi gbígbẹ, ó lè gbàgbé rẹ̀ fún ọdún kan kí nǹkan kan má ṣe é. (Èmi ni mi ò nù ún.) Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í sinmi ní tirẹ̀. Bẹntiróòlù inú kabúrétọ̀ ń dì, rọ́bà inú pọ́m̀pù omi ń gan, bátìrì ń kú, gíríìsì inú bẹ́ríǹgì táyà kẹ̀kẹ́ ń fa omi mu. Ẹ ò tíì kúrò nílé, ẹ ò tíì fojú kan ẹja, owó ti ń jáde.

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ pé pàṣípààrọ̀ fúnra rẹ̀ ló fà á. Bí owó kò bá gba ọwọ́ ẹnì kankan kọjá, ó máa ń dà bíi pé ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà mo bi ara mi léèrè lọ́nà mìíràn: ká ní mo ti ta ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí owó rẹ̀ wà lápò mi, ṣé ọkọ̀ yìí ni màá fi rà? Láàárọ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́sàn-án, mo ní ó di dandan kí n kọ́kọ́ rí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà.

Kí n tó lọ wò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ìbọn. 870 kò fún mi ní wàhálà. Láti 1950 ni wọ́n ti ń ṣe é, èyí tí wọ́n sì ti tà lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, torí náà kò sẹ́ni tí yóò tìtorí rẹ̀ bá mi jà, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí mi ò ní rí ẹni rà á. Ti .22 náà rọrùn. Ọta Long Rifle tó ń yìn ti wà láti 1887, ó sì dájú pé yóò ṣì wà nígbà tí orúkọ mi bá ti parẹ́.

Ti bàbá mi ló le. Ìbọn oní-12 ni. Bàbá mi ló kọ́ mi pé 12 kì í ṣe ìwọ̀n gígùn kankan: tí a bá mú òjé ìwọ̀n páùn kan, tí a pín in sí ọta róbótó méjìlá tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn ni yóò bá ẹnu ìbọn náà mu. Ó kọ́ mi ní ohun kan sí i tí mo gbàgbé. Ìdojúbolẹ̀ ló máa ń gbé ìbọn kalẹ̀, ẹnu sílẹ̀, igi ìdí sókè, kí epo tó fi pa á má baà ṣàn wọnú igi. Èmi wá gbé e dúró bí ọmọ ogun fún ọdún mẹ́fà. Ibi tí igi ti pàdé irin ti dúdú, ó sì rọ̀ díẹ̀ tí mo bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí nínú yàrá tó jẹ́ pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀.

Ní Sátidé mo lọ wo ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Mo ti ní in lọ́kàn pé mi ò ní wo dídán rẹ̀. Ẹ̀yìn ibi tí ẹ́ńjìnnì kọ́ sí ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ alumíníọ̀mù, pákó ló wà láàárín ibẹ̀, pákó sì ń jẹrà níbi tí ojú ò tó. Mo fi ìdí sukurudíráífà kàn án káàkiri. Kó, kó, kó. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé igun apá òsì, ó dún bù. Mo tún kàn án. Bù. Ẹ̀gbọ́n ní, "Kò dà mí láàmú rí." Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni.

Lẹ́yìn náà a tú bóòtì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì jíà wà. Ọ́ìlì tó yẹ kó dúdú tàbí kó mọ́ kedere jáde ní funfun bí omi ọṣẹ. Omi ti wọlé, ìyẹn ni pé rọ́bà tó dí ẹnu ọ̀pá pùròpẹ́là ti ṣẹ́. Kì í ṣe ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kan, àmọ́ ẹni tó bá fi í sílẹ̀ yóò ra jíà tuntun. Mo mú mẹkáníìkì kan dání, ó wọn agbára ìfúnpá inú sílíńdà méjèèjì. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ohun tó ń wá sì nìyẹn. A gbé e sómi. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta tí a fa okùn, omi sì ń tú jáde láti ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó fi hàn pé pọ́m̀pù ń ṣiṣẹ́. A rìn jìnnà díẹ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe rí lára mi. Mo ní láti rán ara mi létí pé bù ni igun yẹn dún.

Mo tún wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, lápá ọ̀tún. Ní Amẹ́ríkà, láti 1972 ni wọ́n ti ní kí gbogbo ọkọ̀ ní irú rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá. Mo fi wé ti inú ìwé rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bára mu. Ẹ̀gbọ́n ń wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn, ṣùgbọ́n òun náà máa ka nọ́ńbà ara ìbọn mi bẹ́ẹ̀ tó bá yá.

Torí ìbọn kì í ṣe ohun tí a ń fún ara wa bí àgbòòrùn. Òfin ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ìbọn bá ti wà lórí ìwé àṣẹ, orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ ni wọ́n máa wá kàn. Bí ọmọ Ẹ̀gbọ́n bá fi ìbọn mi ṣe ohun kan kí ìwé tó kúrò lórúkọ mi, èmi ni màá lọ ṣàlàyé. Mo sọ fún un gbangba pé ìbọn kankan ò ní kúrò nínú àpótí kí àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ tó fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ lè dúró sí àgbàlá rẹ̀ títí di ìgbà náà. Inú rẹ̀ ò dùn, àmọ́ kò jiyàn.

Ọmọbìnrin mi kékeré ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò béèrè. "Dádì, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀?" Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì ṣe mọ̀ ọ́n wẹ̀. Nínú ìjábọ̀ tí Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń ṣe lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ka àwọn tó kú sómi nínú ìjàǹbá ọkọ̀ eré ìgbafẹ́, nínú ẹni mẹ́wàá, ó máa ń lé ní mẹ́jọ tí kò wọ ẹ̀wù àwọ̀léfòó. Mo ra mẹ́rin kí n tó ra ọkọ̀. Ìyàwó mi ní oúnjẹ ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé mo pe Ẹ̀gbọ́n. Mo ní màá fi 870 àti .22 sílẹ̀, màá fọwọ́ ara mi pààrọ̀ pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ àti rọ́bà jíà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́nu méjì ò sí nínú ẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní ẹlẹ́nu méjì yẹn gan-an lọmọ òun fẹ́. Mo ní mo mọ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fi òru rò ó.

Àárọ̀ yìí ló pè padà. Ó ní kí n gbé méjèèjì sílẹ̀ dè wọ́n, pé lọ́jọ́bọ̀ a jọ ń lọ ṣe ìwé, àti pé ìdákọ̀ró kò sí lára ohun tí òun ń fún mi o, kí n lọ ra tèmi. Mo ti gbé ìbọn bàbá mi dojú bolẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi epo àti irun irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ pa ojú 870 rọra rọra. Àmì ìka mẹ́ta ti lọ. Ìkẹrin wọnú irin jù, màá fi han ọmọ náà kó tó buwọ́ lùwé.