Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà mẹ́ta

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Rárá o, ọmọ mi. Mi ò tíì jẹun."

Èmi ni mo béèrè, èmi náà ni mo kọ èsì wọn sínú fáìlì. Ìyá arúgbó ni, kókó kan ló wà nínú ikùn wọn tí wọ́n fẹ́ yọ. A ti bọ́ yẹtí àti òrùka wọn, a ti gba eyín àtọwọ́dá lẹ́nu wọn, a ti wọ aṣọ tíátà fún wọn. A tì wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Dókítà tó fẹ́ kùn wọ́n lóorun bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Màmá, ẹ ǹlẹ́ o. Kí lẹ fi panu kí ẹ tó kúrò nílé?"

"Ẹ̀kọ gbígbóná ni, Dókítà, pẹ̀lú àkàrà mẹ́ta péré."

Aago mẹ́sàn-án ti fẹ́ lù. Aago méje ni wọ́n jẹ ẹ́. Bí iṣẹ́ abẹ ọjọ́ yẹn ṣe di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn.

Inú kọ́kọ́ bí mi sí Màmá. Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé wọn ò purọ́. Nílé tiwa, ta ló ń pe ẹ̀kọ ní oúnjẹ? Ẹni tó bá mu ẹ̀kọ, ó panu ni. Títí èèyàn á fi bu òkèlè àmàlà tàbí iyán, kò tíì jẹun. Ìbéèrè mi ló ṣìnà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, kò sì sí ìwé kan tó kọ́ mi tó àkàrà mẹ́ta yẹn.

Àkọ́bí Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ nà mí lọ́jọ́ náà. Ó ti wọkọ̀ wá láti Èkó, ó ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ní ṣé tìtorí àkàrà la ṣe ń dá a padà ni. Mo jókòó tì í. Mo ní, bí wọ́n bá kun èèyàn lóorun, kì í ṣe ojú nìkan ló ń sùn. Ohun tó ń ṣọ́ ọ̀nà ọ̀fun náà ń sùn. Èmi àti ìwọ, bí omi bá ṣèèṣì gba ọ̀nà òdì lọ, a ó wúkọ́ títí yóò fi jáde. Ẹni tó wà lábẹ́ oògùn oorun kò lè wúkọ́. Ẹ̀kọ á gòkè wá láti inú ikùn pẹ̀lú omi kíkan, á bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, omi kíkan yẹn á sì jó o. Ó dákẹ́. Ó ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ báyìí fún wọn ṣáájú. Mi ò rí èsì fún un. "Ẹ má jẹun" nìkan la sọ, a ò sọ ìdí ẹ̀.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń tẹ̀ lé ni pé kí oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì ti pé wákàtí mẹ́fà nínú ikùn, kí ẹran àti ohun olóròóró tó wákàtí mẹ́jọ. Omi lásán, ó kéré tán wákàtí méjì. Àkàrà, olóròóró nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá sọ fún yín níbi tí ẹ wà ni kí ẹ tẹ̀ lé o. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tiyín ní àṣejù. Mo ti rí bàbá kan tó ti gbààwẹ̀ láti ọ̀sán àná, kò tọ́ omi wò rárá, ó ní kó lè dára gan-an ni. Nígbà tí a fẹ́ fi díríìpù sí i, a wá iṣan ọwọ́ rẹ̀ tì.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tún gbogbo ìbéèrè mi gbọ́ bí aláìsàn ṣe máa gbọ́ ọ. "Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?" Rárá, ni wọ́n á wí. Àgbo kì í ṣe oògùn lójú wọn, àgbo ni. Bításì inú ìgò náà kì í ṣe oògùn. Torí náà mo máa ń béèrè pé, "Kí lẹ mu lọ́sẹ̀ yìí láti fi tọ́jú ara? Kí ló wà nínú ìgò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé?" Ibẹ̀ ni òtítọ́ ti ń jáde, torí pé àwọn ohun mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá, àwọn mìíràn á já ṣúgà ara wálẹ̀ lójijì. Asípírínì tí dókítà ọkàn fún yín ńkọ́? Ẹ dárúkọ ẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má dá a dúró fúnra yín tìtorí wọ́n ní kí ẹ má jẹun. Ẹ béèrè, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á ní kí ẹ fi omi díẹ̀ gbé e mì. Ẹni tó bá ń gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, òun gan-an ló gbọ́dọ̀ béèrè jù. Abẹ́rẹ́ yẹn nínú ikùn òfìfo lè mú kí èèyàn dákú.

Ti orúkọ tún wà níbẹ̀. Ìyá Ìbejì méjì wà ní wọ́ọ̀dù wa nígbà kan, ọ̀kan fẹ́ ṣe gẹ̀gẹ̀, ìkejì ìju. Bí ẹ bá lọ bá àgbàlagbà tí ẹ̀rù ń bà, tí ẹ ní "Ẹ̀yin ni Ìyá Ìbejì, àbí?", yóò mi orí. Bí ẹ bá pè é ní Ìyá Táíwò, yóò tún mi orí. Ìwà ọmọlúàbí ni, kò fẹ́ já nọ́ọ̀sì níyàn. Nítorí náà a kì í sọ orúkọ fún aláìsàn kó dáhùn. Òun ló máa sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, òun ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka ibi tí wọ́n fẹ́ ṣe, dókítà á sì fi bírò sàmì síbẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín ní orúkọ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ má bínú, ẹ dáhùn lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ẹ bá mi nu fánìṣì kúrò ní èékánná. Ohun kékeré kan wà tó máa ń gbá ọmọ ìka mú bíi pẹ́ẹ̀gì aṣọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Fánìṣì àti làálì dúdú lè tàn án jẹ. Ẹ má sì fi abẹ fá irun nílé. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, abẹ la fi ń fá gbogbo èèyàn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a sì rò pé ìmọ́tótó là ń ṣe. Abẹ máa ń gé awọ ara ní wẹ́wẹ́ tí ojú ò rí, ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Ní 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má fi abẹ fá a mọ́, bó bá pọn dandan kí irun kúrò, ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi gé e.

Àjọ yìí kan náà ló gbé ìwé pélébé kan jáde ní 2008, ohun 19 tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò nígbà iṣẹ́ abẹ ló wà nínú ẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń dúró kà á: kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun, kí abẹ tó kan ara rẹ̀, àti kó tó kúrò ní tíátà. Ilé ìwòsàn mẹ́jọ ni wọ́n ti dán an wò, látorí Ifakara ní Tanzania dórí London àti Toronto, iye àwọn tó ń kú sì já láti 1.5 nínú 100 sí 0.8. Ìbéèrè ló kún inú ẹ̀. Ṣé ẹ ti fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò láàárín wákàtí kan tó kọjá? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀? Ó tún ní kí gbogbo wa tó wà ní yàrá dárúkọ ara wa. Àwa ń rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ́kọ́ dé, ṣé a ò mọ ara wa ni? Èmi ti wá mọ̀ pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kékeré tó ti gbóhùn sókè sọ orúkọ rẹ̀ lójú ọ̀gá dókítà, ẹnu rẹ̀ ti là. Bó bá rí ohun tí kò dáa, kò ní gbé e mì.

Mo rí ẹni tí kò gbé e mì rí. Mi ò ní sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Òwú ìnujẹ̀ 30 la kà wọlé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa ikùn dé, 29 la rí. Ọ̀gá dókítà ní a ti kà á ṣì ni, ó na ọwọ́ fún abẹ́rẹ́ ìránṣọ ara. Ìyá àgbà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tíátà gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì irinṣẹ́. Wọ́n ní, "Sà, a ò tíì rí i." Ọ̀gá dókítà jágbe. Wọ́n tún ní, "Sà, a ò tíì rí i." Gbogbo wa dorí kodò bí ẹni ń wá owó tó bọ́. Abẹ́ sálúbàtà ọ̀kan nínú wa ni òwú náà lẹ̀ mọ́, ó ti pọ́n, ó ti gbẹ.

Nígbà tó wá kan èmi fúnra mi, ìju ni. Abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi, èyí tó ń pa ìsàlẹ̀ ara lára ṣùgbọ́n tí ojú wà lójúfò. Aago mẹ́jọ ni wọ́n dá fún mi, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n gbé mi wọlé. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n sọ ti owó epo bẹntiróòlù, wọ́n sọ ti ọmọ ẹnì kan tó fẹ́ wọ yunifásítì. Ohun tó bà mí lẹ́rù kì í ṣe abẹ. Òtútù ni. Èjìká mi ń gbọ̀n, eyín mi ń lu ara wọn, mo sì mọ̀ pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àmọ́ mímọ̀ ò ní kó má gbọ̀n. Ẹnì kan ju aṣọ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lé mi láyà, ó fọwọ́ lé mi lórí. Mi ò rójú ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, mi ò gbé aláìsàn wọ tíátà mọ́ kí n má mú aṣọ ìbora dání.

Lóru ọjọ́ náà, oògùn ẹ̀yìn ti lọ. Nọ́ọ̀sì ń wá wò mí lemọ́lemọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra wọn: ẹ̀jẹ̀ ríru, èémí, aṣọ ojú egbò bóyá ẹ̀jẹ̀ ti rin ín, ìtọ̀ inú àpò bóyá ó ń kún. "Ẹ̀gbọ́n, báwo lara?" "A dúpẹ́." Ikùn mi ń já bí ẹni fi ọ̀bẹ gbígbóná sí i, mo sì ń ní a dúpẹ́! Èmi tí mo ti ń bá àwọn aláìsàn jà lórí "a dúpẹ́" yìí kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kékeré kan ló gbà mí. Wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n béèrè pé láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora, bàbá kan ti dá a lóhùn lọ́sàn-án pé, "Ẹ bá mi mú un, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé." Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ garawa, ṣé ó ti dé ìdajì?" Mo ní ó ti ń ṣàn dànù. Ó sáré lọ mú abẹ́rẹ́.

Ìrora kì í ṣe ohun tí a ń fi ìgboyà mú mọ́ra o. Ẹni tí ikùn ń dùn kò ní mí kanlẹ̀, kò ní wúkọ́, kelebe á jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò ní dìde rìn, ẹ̀jẹ̀ á dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ìdì yẹn bá já, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ. Ẹ gba oògùn ìrora, kí ẹ gbé ìrọ̀rí lé ojú egbò, kí ẹ dì í mú, kí ẹ wúkọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dìde lọ́jọ́ kejì, ẹ dìde. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń ro yín, ẹ pariwo.

Kí wọ́n tó fún ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ lóúnjẹ gidi, a máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ìfun ti jí. Báwo lèèyàn ṣe máa bi bàbá olóyè pé ṣé wọ́n ti só? "Ṣé atẹ́gùn ti gba ìsàlẹ̀ jáde, Bàbá?" ni mo máa ń sọ. Bàbá kan wo ojú fèrèsé, wọ́n ní atẹ́gùn ò fẹ́ rárá láti àárọ̀.

Nílé, ohun tó ń ba egbò jẹ́ jù ni àánú. Wọ́n á já kápúsù, wọ́n á da ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò. Wọ́n á fi aṣọ gbígbóná tẹ ikùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kó mọ́. Bó bá pọ́n tó ń gbóná, tó ń rùn, tó ń ṣọyún, tàbí ibà bá dé, ẹ máa bọ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá.

Màmá alákàrà ṣe iṣẹ́ abẹ wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sì bọ́ sí i. Kí wọ́n tó lọlé, mo sọ ti egbò fún àkọ́bí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tún un kà fún mi. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún mo pè é lórí fóònù. Mo ní ṣé wọn ò fi nǹkan kan sójú egbò?

"Háà, rárá o, Nọ́ọ̀sì. A ò fi nǹkan kan kan sí i. Òrí díẹ̀ lásán ni."