Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí lára búrọ́ọ̀ṣì yẹn

Ẹ̀kọ́ kan tí mo kọ́ nípa ẹnu fífọ̀ ni pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ gan-an ló yẹ kéèyàn túbọ̀ máa fọ̀. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí itọ́ bá ti pupa díẹ̀, a ó yẹra fún ibẹ̀, a ní kó sinmi ná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì ló dá a sílẹ̀. Èérí rírọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, èyí tí ẹ lè fi èékánná họ láàárọ̀, òun ló ń mú kí ẹran ìdí eyín wú, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀ bí nǹkan bá ti kàn án. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í le bí òkúta, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì tí apá rẹ̀ á ká a mọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ "soft" sí lára ni kí ẹ rà. Ẹ fì í sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kí orí irun rẹ̀ wọ ibi tí eyín ti pàdé ẹran. Ẹ mì ín jẹ́jẹ́ lójú kan, bí ìgbà 10, kí ẹ tó sún sí eyín tó kàn. Ìṣẹ́jú 2 ni gbogbo rẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Talẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí itọ́ tó ń bá wa ṣan eyín kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lójú oorun. Ibi tí a sábà máa ń gbàgbé ni ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀. Ẹ fi ahọ́n kàn án báyìí: bí kò bá dán, tó ń ha ahọ́n, òkúta ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ọṣẹ ìfọyín, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní Macleans ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí, kò gbọdọ̀ ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, hóró ìrẹsì ni tiẹ̀. Ẹ wò ó bóyá fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, wà níbẹ̀, 1,000 sí 1,500 ppm (ìwọ̀n rẹ̀ tí wọ́n ń kọ sára páálí nìyẹn). Tí ẹ bá fọ̀ tán, ẹ tutọ́ dànù, ẹ má fi omi ṣan ẹnu. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹni tó ti mọ́ lára láti fi odindi ife omi kan ṣan án tariwo-tariwo, àmọ́ omi yẹn ló ń gbé fluoride lọ kó tó ṣiṣẹ́.

Èmi ò bá pákò jà o. Orín àtà àti pákò Ìjẹ̀bú ń ṣiṣẹ́, bí a bá jẹ orí rẹ̀ títí tó fi rí bí irun. Àìjẹ ẹ́ rọ̀ ló ń bà á jẹ́, àti kí a máa fi gbo eyín ní ìbú, tí ẹran á fi sún sókè, tí omi tútù á wá máa ta eyín. Ẹ gé orí àná kúrò kí ẹ tó jẹ tòní.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ lọ bá dókítà eyín kó bá yín họ òkúta náà. Àwọn èèyàn á ní híhọ òkúta máa ń mú eyín mì. Irọ́ ni. Eyín tó ti ń mì tẹ́lẹ̀ ni òkúta dì mú. Ahọ́n yín á kàn máa wá a kiri fún bí ọjọ́ mélòó kan ni.