Káàdì funfun, bírò dúdú: bí bátànì ṣe so ẹbí wa pọ̀ láti Ìlọrin dé Glasgow

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń bi mí pé kí ni àwọn nǹkan onígun mẹ́rin dúdú-funfun tí mo máa ń gbé sórí status mi ní gbogbo Sọ́ńdè, ṣé aṣọ tuntun ni mo ń tà ni àbí táìlì. Bátànì ni o, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Zentangle, ọwọ́ ni mo fi ń yà á, bírò dúdú lórí káàdì funfun, èmi nìkan sì kọ́ ni mò ń yà á. Àbúrò mi ọkùnrin ń yà á ní Táńkẹ̀ ní Ìlọrin, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ń yà á ní Ọ̀fà, ọmọ àǹtí mi kan wà ní Òkelele tóun náà ń yà á, Ìyá Ìbejì ọmọ Òmù-Àrán sì wà níbí ní Glasgow, àdúgbò kan náà lèmi àti ẹ̀ jọ ń gbé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ẹnì kan nínú wa á dá iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo wa á yà á, a ó sì gbé fótò ẹ̀ sórí gúrúùpù WhatsApp wa kó tó di alẹ́ Sọ́ńdè. Ṣáléǹjì la ń pè é, àmọ́ kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń gba ipò kìíní.

Ẹni tó bá ti gbé Scotland rí lásìkò òtútù, ọ̀rọ̀ mi á tètè yé e. Nínú oṣù Kejìlá, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ oòrùn ti wọ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ara ti rẹ̀ mí tán ṣùgbọ́n ọkàn ò ní gbà kí n sùn, á kàn máa sáré kiri, ṣé mo kọ oògùn ìyá yẹn sínú ìwé, ṣé owó iná ti lọ, kí ni wọ́n ń ṣe nílé báyìí. Màá wá gbé fóònù, màá máa fi ìka fà á sókè fà á wálẹ̀, ohun tí mo wò ò ní yé mi, ojú á kàn máa ta mí ni. Tí mo bá sì pe ilé, ọ̀rọ̀ owó ló máa ń pọ̀ jù, owó iléèwé, owó oògùn, gáàsì ti wọ́n, ẹ bá wa fi díẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ẹbí lẹbí ń jẹ́, èyí tó bá tọ́ sí mi màá ṣe é. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa ọmọ ìyá tí a jọ sùn sórí ẹní kan ní Òkè-Ìmálè, tí a máa ń sọ̀rọ̀ títí Màámi á fi pariwo pé ká sùn, a ò wá ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́.

Níbi iṣẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí bátànì yìí. Màmá kan tó jẹ́ ará Scotland, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni, tí brékì bá ti tó á yọ káàdì kékeré kan nínú báàgì ẹ̀, á máa ya ilà sí i jẹ́jẹ́, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tó bá fi máa padà sẹ́nu iṣẹ́ ojú ẹ̀ á ti rọ̀. Mo bi í léèrè. Ó ní Zentangle ni wọ́n ń pè é. Rick Roberts àti Maria Thomas ló dá a sílẹ̀ ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Maria yìí, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fọwọ́ kọ lẹ́tà aláràbarà, ó wá di ọjọ́ kan tó ń fi bátànì kéékèèké kún ẹ̀yìn lẹ́tà ńlá kan, ó rí i pé ọkàn òun ti rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, òun ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí aago ń lọ. Rick, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe mọ́ńkì rí, ìyẹn ẹni tó ya ara ẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn, ló sọ fún un pé ohun tí àwọn tó ń jókòó ṣàṣàrò ń wá kiri nìyẹn. Bí wọ́n ṣe jọ ronú bí ẹlòmíì náà á ṣe rí i ṣe nìyẹn.

Ó rọrùn gan-an. Káàdì funfun, ínṣì mẹ́ta ààbọ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ìyẹn bíi sẹ̀ntímítà mẹ́sàn-án. Bírò dúdú kan, pẹ́ńsù kan, ó parí. Kò sí ráùlà, kò sí kílínà. Wọ́n ní kéèyàn kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, kó wá fi pẹ́ńsù tọ́ àmì kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fi ilà so wọ́n pọ̀, kó fa ohun kan tí wọ́n ń pè ní okùn gba àárín kọjá, ó lè wọ́ bó ṣe wù ú, okùn yẹn lá pín káàdì sí yàrá-yàrá, bírò á wá wọlé, yàrá kọ̀ọ̀kan á gba bátànì tiẹ̀. Lẹ́yìn náà lèèyàn á fi pẹ́ńsù kun òjìji sí i, á kọ àmì orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, á wá nawọ́ gbé e sọ́ọ̀ọ́kán, á wò ó dáadáa. Kò sí orí, kò sí ìdí, ibi tó bá wù yín ni kí ẹ yí i sí.

Nígbà tí mo sọ fún Màámi, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn àwọn kan ni wọ́n fẹ́ fi fà ọ́ lọ?” Mo ní, “Rárá o Màámi, kò sí àdúà kankan nínú ẹ̀, kò sí ẹni tó ń forí balẹ̀ fún nǹkan kan, ilà lásán ni.” Níbi tí wọ́n ní kéèyàn ti dúpẹ́ yẹn, Bísímílà ni mò ń ṣe, tí mo bá parí mo ṣe Àlùhámdúlílà. Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò burú.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo fẹ́ràn jù. Nígbà kan iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ni pé dúdú gidi àti funfun gidi nìkan, kò sí òjìji pẹ́ńsù, dúdú sì gbọ́dọ̀ pọ̀ tó funfun. Mo mú bátànì tí wọ́n ń pè ní Knightsbridge, ilé-ilé ló rí bíi ojú pátákó tí wọ́n fi ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ kun ọ̀kan, ẹ fo ọ̀kan. Mi ò jẹ́ kí ilà náà gún, mo tẹ̀ wọ́n ni, àwọn tó lọ sókè tẹ̀ síta, àwọn tó dábùú náà tẹ̀ wálẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Bírò Micron tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 01 ni mo lò, ẹnu ẹ̀ ò ju ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà lọ, ẹ ò lè fi ìbínú kun nǹkan kan pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba etí ilé yẹn yí ká ná, pẹ̀lẹ́, ẹ dé igun, ẹ dúró, kí ẹnu bírò kan igun ilé kejì gẹ́lẹ́ kó má sì wọlé onílé, ẹ wá máa ti etí bọ̀ wá sí àárín, ilà tẹ̀lé ilà, títí funfun inú ibẹ̀ á fi tán pátápátá. Èémí yín fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọwọ́ rìn, ẹ ò ní mọ̀. Mo kun ilé kan, mo kun òmíràn, nígbà tí mo gbé orí sókè tíì mi ti tutù, káàdì tó tẹ́ pẹrẹsẹ sì ti wú jáde bíi ikùn ìkòkò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń bẹ̀rù dúdú. Wọ́n á ya ilà wẹ́wẹ́ tó dáa, wọ́n á wá dá ọwọ́ dúró, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ bà á jẹ́. Lójú tèmi, níbi tí ẹ bá ti dúró yẹn gan-an nìgbádùn ẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bátànì tí wọ́n ń pè ní Hollibaugh, ilà méjì-méjì lásán ni, bíi ojú títì tó ń gba abẹ́ ara wọn kọjá, tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó dá yàtọ̀ níbẹ̀, ẹ kun àárín wọn dúdú kí ẹ wá wo bí àwọn títì yẹn ṣe máa yọ síta. Dúdú ló ń jẹ́ ká rí funfun. Tí ọwọ́ bá sì fẹ́ ro yín, ẹ fi 01 gba etí, ẹ fi 08 tó nípọn kun inú.

Nílé, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa rí bírò Micron yẹn rà, kò sì pọn dandan. Kádíbọ́ọ̀dù funfun kan ni àbúrò mi rà níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ní Post Office, ó fi bíléèdì gé e sí wẹ́wẹ́, bírò jẹ́ẹ̀lì ló fi ń yà á, ó sì ń mọ́ dáadáa. Mákà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, ó máa ń mu jáde sẹ́yìn káàdì, á sì tàn kálẹ̀ ní etí. Tí iná bá lọ, ó ní tọ́ọ̀ṣì fóònù lòun fi ń yà á, ẹ̀gbọ́n wa á ní, “Má ba ojú ẹ jẹ́ o, ilà ò sá lọ.”

Àárín wa gan-an ni nǹkan ti wá yí, nígbà tí a fi bátànì òyìnbó sílẹ̀ díẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ láti inú ohun tí a mọ̀. Ṣebí Ìlọrin ni wá! Ọmọ àǹtí mi tó wà ní Òkelele ló kọ́kọ́ dá tiẹ̀, ó ní ká ya ara ìkòkò. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀, wọ́n á yí ṣùkù àgbàdo lára amọ̀ tútù, ojú ẹsẹ̀ ni bátànì á jáde yí ọrùn ìkòkò ká. Ìyá Ìbejì ní ká ya irun àwọn ère ìlú Èsìé. Àwọn ère òkúta yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún kan, torí wọn ni wọ́n ṣe kọ́ mùsíọ́ọ̀mù síbẹ̀ lọ́dún 1945, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ fi ọkàn wo orí wọn, irun dídì, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ẹni tó gbẹ́ wọn kò kánjú rárá.

Èmi dá wàláà. Ẹni tó bá lọ ilé kéwú á rántí, pátákó tó funfun díẹ̀, kálámù inú yíǹkì tàdáwà, ọ̀rọ̀ dúdú tó jókòó jẹ́jẹ́. Tí a bá ti há èyí tí àfáà kọ fún wa sórí, omi la fi ń fọ̀ ọ́ kúrò ká lè kọ òmíràn. Yíǹkì bírò Micron ní tiẹ̀, omi ò lè mú un kúrò tó bá ti gbẹ. Mo sọ fún gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ Àlùkùránì ṣe bátànì, torí káàdì kékeré lè já bọ́ síbikíbi, etí wàláà nìkan ni ká yà, àwọn onígun mẹ́ta àti ilà tí wọ́n máa ń ṣe sí i lára fún wòlímọ̀. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìgbà tó kan àbúrò mi, aṣọ ẹtù ló dá. Gbogbo wa yà á, a gbé e sórí gúrúùpù, ó ń wu ojú. Àṣé àbúrò mi ti gbé fóònù lọ fi han Màámi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Màámi, aṣọ òfì ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tà ní Ọjà-Ọba kí orúnkún tó dá wọn jókòó. Ohùn wọn la gbọ́ lórí vóòsì nóòtì: “Ta ló sọ fún yín pé ẹtù lèyí? Òpó ilé lẹ̀ ń yà. Ilà ẹtù kì í fẹ̀ báyìí, òwú funfun ibẹ̀ tín-ín-rín ni, inú aró ló ti ń yọjú. Ẹ jẹ́ kí dúdú ẹ̀ pọ̀.” Ẹ̀gbọ́n wa ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé dúdú yẹn dé etí ni?” Wọ́n ní, “Ó dé etí, báwo ni kò ṣe ní dé etí, ṣé aláṣọ á dá etí sí ni?” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé sányán, wọ́n dé orí àlàárì, wọ́n sọ ti ahunṣọ kan ní Àdétà tí kì í jẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ tó bá ti wà nídìí òfì. Dátà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Odidi ìrọ̀lẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó dárúkọ owó, kì í ṣe pé ìnáwó tán nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹtù ló gba ẹnu wa. A tún gbogbo ẹ̀ yà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, tín-ín-rín, dúdú púpọ̀, Màámi sì ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti wà nínú àwọn tó ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀ yìí, tiwọn ni: ẹní. Wọ́n ní ká ya bí ewé ṣe ń gba orí ara wọn kọjá, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, kí ojú ẹní má sì là. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa yà á, kó gé káàdì sí sẹ̀ntímítà mẹ́sàn-án, kó má mú kílínà dání, kó sì gbé tiẹ̀ sísàlẹ̀ níbí kó tó di alẹ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Íṣáì ni Màámi máa ń wò ó.