Jẹ́lé-ó-sinmi ní Jàmáíkà: òfin dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó rẹ̀?

Ní Jàmáíkà, ó ṣòro láti rí ọmọ ọdún mẹ́rin tí kì í lọ sí ilé-ìwé kankan. Orílẹ̀-èdè erékùṣù tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta ni, kò sì lówó títí, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ó ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ìjọba kọ́ ni ó sì dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ìwé náà sílẹ̀. Ní ọdún 1938 ni Henry Ward, tí í ṣe àlùfáà, bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ ní agbègbè St. Mary. Láti ìgbà náà ni àwọn ìjọ, àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò àti àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ ọmọ ká lára ti ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní basic school, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nínú ilé kékeré tí àdúgbò dáwó jọ kọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rárá. Nígbà tí ó di ọdún 1966, Dudley Grant, ní Yunifásítì West Indies, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọwọ́ àjọ Bernard van Leer, bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi ń kọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò náà wù mí púpọ̀: kò lé ẹni tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ dànù nítorí pé kò ní ìwé ẹ̀rí, ibi tí ó bá a ni ó ti gbé e dìde.

Òfin dé lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2003 ni wọ́n dá àjọ tí ń mójú tó ẹ̀kọ́ ọmọdé sílẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 2005 wọ́n ṣe òfin tí ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ láìforúkọ sílẹ̀. Òṣùwọ̀n méjìlá ni àwọn olùbẹ̀wò ń lò, láti orí oúnjẹ, ìmọ́tótó àti ààbò títí dé orí ìṣirò owó. Ilé-ìwé gbọ́dọ̀ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ àwọn panápaná àti àwọn wolé-wolé, àwọn ọlọ́pàá sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé òṣìṣẹ́ kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn. Òfin yìí kan náà ni ó ka nínà ọmọ léèwọ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé olùkọ́ tí pàṣán kì í wọ́n lórí tábìlì rẹ̀ yóò mirí tí ó bá ka èyí, ṣùgbọ́n èmi fara mọ́ ọn pátápátá.

Ìṣòro ibẹ̀ kò ju owó lọ. Ìjọba ń fún àwọn basic school ní owó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n owó tí òbí ń san ni wọ́n fi ń dí ìyókù, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ọmọ rẹ̀ nílò ilé-ìwé náà jù lọ ni kì í sábà rí owó san. Bí olùbẹ̀wò bá wá sọ pé kí ìjọ kékeré kan tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́, kí wọ́n sì ṣe ọgbà yí i ká, níbo ni kí wọ́n ti rí i? Ẹni tí ó bá gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún ilé tí kò bá wọn kọ́, ó yẹ kí ó gbé nǹkan dání wá pẹ̀lú.

Jàmáíkà sì ti fi ohun mìíràn han gbogbo ayé. Ní ọdún 1986 sí 1987 ní Kingston, olùwádìí kan, Sally Grantham-McGregor, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọmọ 129 jọ, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí oṣù mẹ́rìnlélógún, tí àìjẹunre-kánú ti jẹ́ kí wọ́n kúrú ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Fún ọdún méjì, àwọn kan ń gba mílíìkì, àwọn kan ń gba àbẹ̀wò nílé, àwọn mìíràn ń gba méjèèjì, àwọn tó kù kò gba ìkankan. Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, tí kì í ṣe dókítà, a máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún wákàtí kan, yóò jókòó ti ìyá àti ọmọ, yóò sì mú ohun ìṣeré tí wọ́n fi ohun ilé ṣe jáde: ìgò oníke tí ń dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwòrán, àkójọ páálí. Ìyá yóò bá ọmọ ṣeré, yóò sì máa dárúkọ nǹkan fún un. Nígbà tí wọ́n di ẹni ọdún méjìlélógún, owó tí àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò nílé ń gbà fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí a kò bẹ̀ wò lọ. Mílíìkì nìkan kò ṣe irú rẹ̀.

Bangladesh àti Peru ti mú ètò àbẹ̀wò ilé yìí lò. Ní Jàmáíkà fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n wà ní ibi ìtọ́jú kò pọ̀, nítorí náà òṣùwọ̀n méjìlá yẹn kì í kan èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń pín owó, ilé àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni màá kọ́kọ́ rán òṣìṣẹ́ sí, kí n tó gba olùbẹ̀wò kún àwọn tó wà.