Ìlà kan ṣoṣo kò tó

Lálẹ́ àná, kọ̀ǹpútà mi parí ìṣirò ariwo tó ń jáde lára irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bo jẹnẹrétọ̀. Mi ò fún un ní iye kan ṣoṣo fún bí irin náà ṣe nípọn tó, tàbí bó ṣe ń pa gbígbọ̀n ara rẹ̀. Mo ní kó máa ṣa iye láàárín ohun tó ṣeé ṣe, kó sì máa tún un ṣírò. Monte Carlo ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn.

Ẹ ò rí àwòrán tó jáde! Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ èsì ìṣirò kan. Níbi ohùn ìsàlẹ̀, àwọn ìlà lé ara wọn lórí. Bí ohùn ṣe ń ròkè, wọ́n ń fẹ̀ bí irun tí a tú. Pípa gbígbọ̀n yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù: bó bá dín kù sí ìdajì, ṣóńṣó ariwo lè fi 6 dB (dẹ́síbẹ̀lì, ìwọ̀n bí ariwo ṣe lágbára tó) ga sí i. Ta ló sì mọ iye rẹ̀ gan-an lára irin tí wọ́n jó pọ̀?

Ní 1993, àwọn olùṣèwádìí méjì, Kompella àti Bernhard, ti fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn lára àwọn ọkọ̀ Isuzu Rodeo tí wọ́n ṣe bákan náà.

Gbogbo ìbú àwọn ìlà náà ni màá fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣé àwọn oníbàárà yín máa ń gbà á, àbí nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè?