Síló Honda Accord 1992: níbo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé?

Iṣẹ́ ti ń lójú lórí Accord 1992 tí mò ń tún ṣe lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ́ńjìnì F22A ni, lítà 2.2. Síló rẹ̀ ni wàhálà, ìyẹn eré ẹ́ńjìnì nígbà tí a kò tẹ iná (pẹ́dà eré). Bí ọkọ̀ bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, dípò kí abẹ́rẹ́ RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) dúró sí nǹkan bíi 700, yóò gùn dé 1,800, yóò já wá sí 1,000, yóò tún gùn, láìsí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí iná.

Réwáyà (oníṣẹ́ wáyà ọkọ̀) tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní kí n ra burénì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Mi ò rà á, torí ohun tí mò ń rí kò jọ bẹ́ẹ̀. Turótù, ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, ti pa dé, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ ń gba ibòmíràn wọlé, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì ń fi epo tó bá a mu tẹ̀ lé e. Bí eré ẹ́ńjìnì bá wá ga jù, kọ̀ǹpútà á gbà pé dírẹ́bà ló gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná níbi tó ti ń sáré, á gé epo. Ẹ́ńjìnì á rọ̀, epo á padà dé, ló bá tún gbéra. Burénì bọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Mo fọ́n carburetor cleaner díẹ̀díẹ̀ sí gásíkẹ́ẹ̀tì manifold (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì) àtàwọn rọ́bà afẹ́fẹ́, jìnnà sí ẹgisọ́ọ̀sì kó má baà gbiná. Síló ò yí padà, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ kò gba ibẹ̀ wọlé. Mo tú IAC valve, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ síló, mo fọ èédú inú rẹ̀. Ó dín díẹ̀, kò lọ.

Ìgbà tí mo yọ rọ́bà ńlá ẹnu turótù ni mo débi ọ̀rọ̀. Mo fi ìka dí ihò kékeré ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́: ó fa ìka mi gidigidi, síló sì rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ihò yẹn ló lọ sí fast idle valve, èyí tó ń gbé síló ga nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ṣì tutù. Ìda wà nínú rẹ̀, omi rédíétọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí omi bá tutù, ìda á sún kì bí òrí inú ọyẹ́, ọ̀nà afẹ́fẹ́ á ṣí; bó bá gbóná, ìda á wú, á ti ọ̀nà pa. Mo fọwọ́ kan rọ́bà omi tó wọ ibẹ̀: ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Abẹ́rẹ́ ìgbóná náà kò tíì kúrò lẹ́bàá C (òtútù).

Mo tú ilé tamósítáàtì, èyí tó ń dá omi dúró kó má lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná. Òfìfo! Wọ́n ti yọ ọ́ dànù. Àṣà yìí ń dùn mí. Ọkọ̀ á gbóná jù lẹ́ẹ̀kan, mẹkáníìkì á ní oòrùn ilẹ̀ wa kò bá tamósítáàtì mu. Rédíétọ̀ tó dí, fáànù tí kò yí, omi kànga tó ń dípẹtà nínú ẹ́ńjìnì, àwọn ló yẹ ká bi. Ẹ́ńjìnì tí kì í gbóná tó, epo ló máa ń jẹ.

Mo ra tuntun ní Aráròmí, Agodi Gate, Ìbàdàn: èyí tó ń ṣí ní 78°C. Mo sè é nínú ìkòkò omi kí n tó dè é. Ó yanu kí omi tó hó. Mo rọ coolant, mo tú nọ́ọ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde títí ó fi ṣàn láìyọ ìfófòó, torí afẹ́fẹ́ tó há sínú omi lè dá síló rú bákan náà.

Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì gbóná tí fáànù sì yí, síló dúró sí 750. Ihò ìsàlẹ̀ ṣì ń fa díẹ̀. Mo fura pé ìdérí inú valve ti tú. Òun ni mo máa ṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n tó fọwọ́ kan ìdè tí a fi ń yí síló rárá.