Ilé Yìí Kì Í Ṣe Títà

Ọjọ́ Ẹtì. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Irú ọjọ́ tó dára láti lọ wo ilé nìyí.

Ní Sùúrùlérè, ní Yábà, ní Ebute Mẹ́ta, ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà pọ̀ ju pátákó ilé títà lọ. Àlejò á kà á, á rẹ́rìn-ín: ta ló bi ọ́ léèrè? Ọmọ Èkó kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ilé tó wà ní títà kò tó nǹkan, àwọn tó ń wá ilé rà pọ̀, owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, gbájúẹ̀ á máa ta ilé onílé. Nígbà mìíràn gbájúẹ̀ ọ̀hún kì í tilẹ̀ ṣe ará ìta, ọmọ bàbá kan náà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ni.

Ohun tó mú kí ilé ṣọ̀wọ́n ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí kò fara sin. Níbi tí báńkì ti ń yá èèyàn lówó ilé, onílé a máa ta èyí tó ń gbé kó lè ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé yìí, búlọ́ọ̀kù lọ́dún kan, òrùlé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá kọ́lé kì í tà á lójú ayé rẹ̀. Tó bá kú, ilé á di ilé bàbá, ilé bàbá á sì di ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí. National Housing Fund wà láti 1992: òṣìṣẹ́ ń dá 2.5% owó oṣù rẹ̀, lẹ́yìn oṣù 6 ó lè tọrọ ẹ̀yáwó lọ́dọ̀ Federal Mortgage Bank. Ṣùgbọ́n ilé tí ìwé rẹ̀ mọ́ kedere ni báńkì ń fẹ́, irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ń kọ́kọ́ gbé. Kí fáìlì ẹni tó fẹ́ yá owó tó kúrò lórí tábìlì kan, ẹlòmíràn ti gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn èèyàn wa tó ń fi pọ́n-ùn ránṣẹ́ láti London náà ń bẹ nínú rẹ̀. Fídíò WhatsApp ni wọ́n fi ń wo ilé, iye tí wọ́n bá sì gbà láti san ni gbogbo àdúgbò á máa pè lọ́jọ́ kejì.

Nítorí náà, ilé tó dára kì í pẹ́ kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń rà á, kì í sì í sábà dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá dé ibẹ̀ ti lè gba ọwọ́ ẹ́jẹ́ńtì mẹ́rin márùn-ún kọjá, kálukú sì ti bu tirẹ̀ lé e. Ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ẹ́jẹ́ńtì ni pé: ṣé ẹ̀yin fúnra yín mọ onílé? Bó bá ní ẹnì kan ló fún òun, ẹ ní kó mú yín dé ọ̀dọ̀ ẹni náà. Ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ni ìròyìn ilé ti máa ń kọ́kọ́ jáde, ọ̀dọ̀ ọlọ́dẹ, ọ̀dọ̀ káfíńtà tí wọ́n pè wá tún òrùlé ṣe kí wọ́n tó pe olùrà, àti ọ̀dọ̀ lọ́yà tó ń bá àwọn ọmọ olóògbé gba ìwé ogún. Ilé a máa jáde lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn ọmọ tó ti òkè òkun wá bá ń múra àtipadà. Ó tún máa ń jáde nígbà tí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì bá ń padà sí ìlú rẹ̀. Àdúgbò méjì péré ni kí èèyàn yàn, kó máa fẹsẹ̀ rìn ín, kó máa kí àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí, kó fi nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ilé láti Agége dé Àjà kò wá ilé, ìrìnkèrindò ló ń ṣe.

Ilé tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé lè ní olùrà mẹ́ta kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ìkánjú tó ń ba nǹkan jẹ́ nìyẹn, ohun tó sì lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ìmúrasílẹ̀ ti wà ṣáájú. Kí lọ́yà àti awọnlẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí a tó rí ilé rárá, kí a ti gbà lórí owó iṣẹ́ wọn. Kí owó má sì wà ní ibi tí báńkì ti tì í pa fún ọjọ́ 90. Ẹ sì ti ṣírò ohun tó gorí iye ilé: ẹ́jẹ́ńtì sábà ń gba 5%, lọ́yà 5%, ìjọba Èkó sì ń gba 3% fún ìfọwọ́sí Gómìnà, lórí iye tí wọ́n bá díye lé ilé náà. Lórí ilé mílíọ̀nù 100 náírà, bí ìdíyelé wọn bá bá ohun tí ẹ san mu, mílíọ̀nù 13 ti gorí i kí ẹ tó ra ọ̀dà kan.

Èmi fẹ́ kí èèyàn wo ìwé kó tó wo yàrá. Yàrá máa ń wọ èèyàn lójú, ojú tí nǹkan bá sì ti wọ̀ kì í ríran dáadáa mọ́. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Onílé tó bá ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ fi owó dá òun lójú, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìwé ilé tí ìjọba bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa ń ní nọ́ńbà mẹ́ta lára: nọ́ńbà ìwé, ojú ewé, àti ìdìpọ̀ tó wà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni lọ́yà á mú lọ sí Aláúsá, níbi tí ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ìjọba Èkó wà, láti tú fáìlì wò. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Ṣé ilé náà ti dúró fún gbèsè ní báńkì? Ṣé ẹnì kan ti fi ìkìlọ̀ sínú fáìlì, tàbí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Èkó ni fáìlì rẹ̀ wà ní Aláúsá. Ìjọba àpapọ̀ ní ilẹ̀ tirẹ̀ nínú ìlú, bí ẹ bá sì wá ìwé wọn ní Aláúsá, wọ́n á ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ẹlòmíràn á wá gbọ́ "a kò rí nǹkan kan" yìí sí "kò sí wàhálà". Festac, tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún 1977, ọ̀dọ̀ Federal Housing Authority ni ẹ ti máa bèèrè. Ọ̀pọ̀ ilé tí à ń pè ní Jákàńdè, tí wọ́n kọ́ láàárín 1979 sí 1983, ọ̀dọ̀ LSDPC, àjọ ilé kíkọ́ ti ìjọba Èkó, ni. Ní irú ilé wọ̀nyí, lẹ́tà ìpínfúnni ni ìpìlẹ̀ ìwé: ta ni wọ́n kọ́kọ́ pín in fún, ta ni ìyẹn tà á fún, ta ni ẹni kejì tún tà á fún, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró níwájú yín. Bí okùn yẹn bá já níbì kan, ẹjọ́ lẹ fẹ́ fowó rà.

Ilé ẹbí ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Bí bàbá bá kú láì kọ ìwé ìhágún, ilé ẹjọ́ gíga ló ń fún àwọn ọmọ ní letter of administration, ìyẹn ìwé àṣẹ lórí ogún, gbogbo orúkọ tó bá sì wà nínú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé títà. Bí ó bá sì jẹ́ ohun ìní ẹbí lábẹ́ àṣà, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹ̀ka ẹbí ni yóò jọ tà á. Òfin mọ ìyàtọ̀ níbí yìí: bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà ẹ̀ka, ọjà náà dúró, ṣùgbọ́n wọ́n lè gba kóòtù lọ, kóòtù sì lè tú u ká. Nínú ilé olórogún, ẹ bèèrè iye ìyàwó tí bàbá fẹ́ tó bímọ fún un. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní London ní 1962, wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ pé ìdí-igi, ìyẹn pípín ogún sí iye ìyàwó tó bímọ, ṣì jẹ́ òfin ogún Yorùbá. Nítorí náà, ẹnì kan ó kéré tán láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ni kó fọwọ́ sí i. Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin bàbá náà, tó bá ní òun ń ṣojú gbogbo wọn, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì ní kí gbogbo wọn wá. Ẹni tó wà lókè òkun lè kọ ìwé àṣẹ fún ẹlòmíràn, kí notary níbẹ̀, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ohùn rẹ̀ lórí fóònù kò tó.

Ní ti ilẹ̀, awọnlẹ̀ tiyín ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo ti ẹni tó ń tà. Òun á wá àwọn òpó kékeré tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀, á ka nọ́ńbà ara wọn, á fi ẹ̀rọ mú ojú ibi tí wọ́n wà, á sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Plọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní 60 lọ́nà 120 ẹsẹ̀ bàtà máa ń jẹ́ mítà 18 lọ́nà 36 nínú ìwé, ìyẹn mítà onígun 648. Bí ìwé bá ní 648 tí ọgbà inú fẹ́ńsì sì jẹ́ 590, aládùúgbò ti jẹ ìyókù, tàbí gọ́tà ìjọba ló jẹ ẹ́. Ẹ gbójú sókè pẹ̀lú: òpó iná 132kV gba mítà 30 ní ìbú lábẹ́ wáyà rẹ̀, ti 330kV gba 50. Ilé tó bá wọ inú rẹ̀, ó ní ọjọ́ tí wọ́n máa wá kọ X pupa sára ògiri rẹ̀ pé wọ́n máa wó o.

Ó wá ku ilé fúnra rẹ̀, ìyẹn ni mo fi ní òjò òní dára. Ẹ má tẹjú mọ́ pálọ̀, ẹ̀yìn ilé ni kẹ́ ẹ lọ. Ọ̀dà tuntun tó mọ sí orókún ògiri, omi ló ń bò mọ́lẹ̀. Ìlà tín-tín tó là lórí pílásítà kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n èyí tó gba igun fèrèsé lọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tí owó ẹyọ lè wọ̀ ọ́, ìpìlẹ̀ ló ń rì. Ẹ wo abẹ́ dẹ́kìn ní bákónì àti ilé ìwẹ̀: bí sìmẹ́ǹtì bá ti ṣí, tí irin rọ́ọ̀dù tó ti dípẹtà sì ń yọjú, ìbàjẹ́ tó wà nínú ju èyí tí ẹ rí lọ. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé, kí ẹ sì ka àjà tó wà nínú rẹ̀. Ilé ilẹ̀ tí wọ́n gbé àjà lé lórí ìpìlẹ̀ àtijọ́ wà káàkiri Ebute Mẹ́ta, òun ni mo sì ń bẹ̀rù jù. Lagos State Materials Testing Laboratory wà fún irú àyẹ̀wò yìí. Owó wọn á dùn yín, àmọ́ ẹ san án.

Borehole àti soakaway, ó yẹ kí wọ́n jìnnà síra tó mítà 30. Lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 36, ìyẹn ni pé ọ̀kan á wà níwájú, èkejì á wà lẹ́yìn. Síbẹ̀, soakaway aládùúgbò lè wà ní ìbú ọwọ́ mẹ́ta sí fẹ́ńsì yín, nítorí náà ẹ yọjú wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbèsè iná àti Land Use Charge, owó tí ìjọba Èkó ń gbà lórí ilé lọ́dọọdún, máa ń tẹ̀ lé ilé ni, kì í tẹ̀ lé onílé àná, kí ẹ gba rìsíìtì wọn.

Àwọn ayálégbé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń rà á tán kó tó rántí wọn. Lábẹ́ òfin ilé yíyá Èkó ti 2011, ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù 6, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nótíìsì ọjọ́ 7, lẹ́yìn ìyẹn ni kóòtù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fún wọn ní nótíìsì kó tó gba owó yín tán, tàbí kí ẹ yọ owó ìdádúró yẹn kúrò nínú iye ilé. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Owó kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ẹ́jẹ́ńtì. Ọwọ́ báńkì ni kó gbà lọ, sí orúkọ gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí ìwé, ní ọ́fíìsì lọ́yà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ san 10%, kí àdéhùn sọ ọjọ́ tí ìyókù máa pé àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí 10% náà bí àyẹ̀wò Aláúsá bá mú nǹkan jáde. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti fọwọ́ sí deed, ìyẹn ìwé títà, ọjọ́ 30 lẹ ní láti san owó òǹtẹ̀ (stamp duty) kí ìtanràn tó dé. Lẹ́yìn náà ni ẹ gbé e lọ fún ìfọwọ́sí Gómìnà, nítorí láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ 1978 ti dé, ilé tí kò ní i kò tíì di tiyín tán lójú òfin.

Ìwé yẹn kì í jáde lọ́sẹ̀ kan. Títí tó fi máa jáde, ilé tó ṣófo, tí orúkọ onílé àná ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀, ni gbájúẹ̀ ń wá. Ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi ẹnì kan sínú ilé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì ra ọ̀dà pupa kékeré kan.